Bàbá Ìbà, Ajá Mi àti Ìpín Màámi

Níbi tí wọ́n ti ń sin Bàbá, wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa nawọ́ sí pósí, wọ́n ní, "Bàbá yìí fẹ́ràn gbogbo ọmọ wọn bákan náà." Mo dìde, mo jáde. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló gbé mi. Ẹkún kọ́. Inú ló ń bí mi. Tí mo bá fi jókòó síbẹ̀, màá dá wòlíì lóhùn, wọ́n á ní ọmọ Ìyá Dàpọ̀ ti ya wèrè níwájú òkú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, mo ti gbọ́ yín. Ẹ lọ bá ẹni tí òkú tiẹ̀ dáa. Bàbá tó bí màámi lọ́mọ ni mò ń sọ, abẹ́ òrùlé kan náà la jọ gbé, kò sẹ́ni tó máa wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe rí. Gbogbo àdúgbò Ìbà mọ̀ wọ́n. Bàbá Ìbà ni wọ́n ń pè wọ́n, torí wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ẹ́sítéètì síbẹ̀. Apá Ayétòrò ni wọ́n ti wá. Bíríkìlà niṣẹ́ wọn, ọdẹ ni ayọ̀ wọn, ìjà loúnjẹ wọn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti áṣáà, torí áṣáà ló kó bá gbogbo wa. Bàbá ò lè ṣe nǹkan kan láìfín áṣáà. Wọ́n jí, wọ́n fín in. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fín in. Wọ́n gbàdúrà tán, a ò tíì ṣe àmín, ọwọ́ wọn ti wà nínú àpò. Àpò awọ kan báyìí ni wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká, ibẹ̀ ni agolo áṣáà wà, òun àti ọ̀bẹ àti orógbó àti àwọn pàǹtí tí wọ́n ti kó jọ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìdérí agolo yẹn ò dé dáadáa. Gbogbo nǹkan tó bá ti wọ inú àpò yẹn, áṣáà ni yóò máa rùn. Wòlíì bá wọn wí lọ́jọ́ kan pé wọn ò gbọ́dọ̀ máa fín tábà wọ ilé Ọlọ́run. Bàbá nu imú, wọ́n ní, "Wòlíì, ẹ̀yin ẹ sun tùràrí yín, ẹ jẹ́ kí n fín tèmi. Ẹnì kan náà ló dá imú àwa méjèèjì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò bá wọn gbélé.

Bẹ́ǹṣì wọn wà níwájú ilé, ó kọjú sí títì. Kò sẹ́ni tó máa kọjá tí wọn ò ní rí nǹkan sọ sí i. Wọ́n bá Ègùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jà torí ewúrẹ́. Wọ́n bá ọkùnrin tó ń ta pàǹkẹ́rẹ́ ní Ìyànà Ìbà jà pé kò kí àwọn tinú tinú. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Láyí gbé ọbẹ̀ wá fún wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ṣé omi tí wọ́n fi fọ ẹja ni àbí ọbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Láyí ni àbúrò màámi tó tẹ̀ lé wọn, Okokomáíkò ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ rọra, obìnrin yìí ti dúró nídìí iná láti àárọ̀." Bàbá ní, "Iná náà dúró láti àárọ̀. Ṣé mo kí iná ni?"

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn o. Wọ́n mọ iṣẹ́. Nígbà kan wọ́n ń mọ ilé fún opó kan l'Ókokomáíkò, ògiri ti ga kọjá wíńdò kí Bàbá tó rí i pé ó wọ́ díẹ̀. Ojú tèmi ò rí nǹkan kan. Opó yẹn bẹ̀ wọ́n títí, ó ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, tá a bá rẹ́ ẹ tán kò ní hàn." Bàbá gbé òòlù, wọ́n wó o palẹ̀, wọ́n sì tún un mọ láti ìsàlẹ̀, omi lásán, wọn ò jẹ́ kí opó náà gbé e. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ohun tó bá wọ́ lọ́wọ́ mi, màá máa rí i títí tí mo fi máa kú."

Ó dáa. Wọ́n rí ògiri opó. Ọmọ tí wọ́n bí ńkọ́?

Màámi ni àkọ́bí wọn. Ìjànìkin ni Màámi lọ́kọ sí, ọkọ yẹn sì ń lù wọ́n. Mi ò ní pè é ní bàbá mi níbí. Lọ́jọ́ tó lù wọ́n tí eyín wọn yọ, Màámi pọ̀n mí, wọ́n gbé báàgì kan, wọ́n wá sílé bàbá wọn ní Ìbà. Mi ò tíì lè rìn nígbà yẹn, àwọn èèyàn ló sọ fún mi. Bàbá ò lé wọn. Wọ́n fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n wo ẹnu Màámi tó wú, wọn ò bi wọ́n léèrè ta ló lù wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Àbẹ̀kẹ́, ilé yìí gbà ẹ́. Àmọ́ ìpín ẹ wà nílé ọkọ ẹ."

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ìpín jẹ́ nílé wa, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo ọmọ Bàbá máa ń wá, láti Ọ̀jọ́, láti Okokomáíkò, gbogbo wa á lọ ṣe eré ọdẹ nínú igbó tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì. Eré ni o. Àwọn ọmọdé àti obìnrin á máa lu agolo, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á ti apá kan wọ inú koríko pẹ̀lú àwọn ajá. Àwọn ọkùnrin á dènà lápá kejì pẹ̀lú kùmọ̀. Ẹni tí ajá ẹ̀ bá lé ẹran jáde, wọ́n á kun eérú sí i lójú, wọ́n á gbé e sọ́rùn délé. Ẹ̀rín nìkan lẹ máa gbọ́.

Àmọ́ tá a bá délé, eré parí. Bàbá á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kun ẹran, wọ́n á máa pe orúkọ. "Ìpín Láyí." Bọ̀ọ̀dá Láyí á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gbà á. Kódà kó jẹ́ egungun ìrù, wọ́n á pè ẹ́, wàá gbà á. Ẹni tí wọ́n bá pè, ó nílé nínú ẹbí nìyẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀, àbúrò màámi obìnrin tó lọ́kọ l'Ọ̀jọ́, Bàbá á ní, "Ìpín àna wa," òun ló máa kúnlẹ̀ gbà á fún ọkọ ẹ̀. Màámi tó dáná, tó fọ ìkòkò, tó gbé omi tí gbogbo wọn mu, Bàbá ò ní pè wọ́n. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Láyí á rọra mú díẹ̀ nínú tiwọn, á fi sí àwo Màámi bíi ti alágbe. Màámi á ní ẹ ṣé. Ọdọọdún.

Ìgbà tí mo gbọ́n díẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọdún kan wọ́n pín tán, mo lọ dúró síwájú Bàbá, ojú gbogbo èèyàn ló ṣe.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe màámi?"

"Ìyá ẹ ò lọ́kùnrin nígbó."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ò lájá. Ọmọ tí ò lájá, ariwo lásán ló wá pa."

Káyọ̀dé, ọmọ Bọ̀ọ̀dá Láyí, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun lájá. Ajá yẹn ò lé nǹkan kan rí ju alángbá lọ.

Mo ní, "Tí mo bá lájá ńkọ́?"

Bàbá fín áṣáà, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Tájá ẹ bá lé ẹran jáde, màá pe ìyá ẹ."

Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Láyí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ o." Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Bàbá ní, "Ta ló fẹ́ sá?"

Mo rí ọmọ ajá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Ìyànà Ìbà, gírísì ló kun gbogbo ara ẹ̀. Mo gbé e wálé, mo wẹ̀ ẹ́. Kí n tó sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ mọ̀ báwọn àgbà wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá bá èèyàn jà. Padàsílé ni wọ́n pè é. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Màámi, wọ́n á máa ké, "Padàsílé, Padàsílé o, ṣé o ò gbọ́ ni?" Inú ìdáná ni Màámi máa wà, wọ́n á máa fẹ́ná. Mi ò pe ajá yẹn lórúkọ yẹn rí láyé mi. Mo máa ń súfèé ni. Màámi ní kí n má bínú. Wọ́n ní, "Ajá ni wọ́n ń pè. Èmi ò ní ìrù."

Mo so ẹran gbígbẹ mọ́ okùn, mo ń wọ́ ọ káàkiri kó lè máa lé e. Bàbá wò mí láti orí bẹ́ǹṣì fún bí ọjọ́ mélòó kan, wọn ò lè mú un mọ́ra. Iṣẹ́ tí èèyàn ò bá ṣe dáadáa máa ń dùn wọ́n ju ọ̀tá lọ. Wọ́n dìde. "Kí lò ń ṣe yìí? O fẹ́ kó máa lé ẹran ọbẹ̀?" Wọ́n tọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa awọ ọ̀yà kan yọ, gbígbẹ, irun ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ́ ìyẹn.

Bó ṣe di pé àwa méjèèjì jọ ń kọ́ ajá nìyẹn. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, Bàbá á di ajá mú, èmi á wọ́ awọ gba inú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, màá lọ fi pa mọ́, Bàbá á tú u sílẹ̀. Tó bá rí i, orí ẹja lèrè ẹ̀. Wọ́n fún omi ewé kan sí i nímú, ajá ń sín, ó ń pariwo, mo pariwo mọ́ wọn pé wọ́n fẹ́ pa á. Wọ́n ní kí n lọ sunkún lọ́dọ̀ ìyá mi. Tá a bá ti ṣe tán, wọ́n á gba awọ yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi sínú àpò wọn pa dà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi." Wọ́n ní, "O máa sọ ọ́ nù. Ìwọ àti ìyá ẹ, kí lẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú?"

Màámi lè ní nǹkan lọ́kàn kí wọ́n má sọ ọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé tó bá ṣẹlẹ̀ pé Bàbá pè wọ́n, kí ni wọ́n máa ṣe. Wọ́n ń fọṣọ. Wọ́n fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sá a. Wọ́n ní, "Màá kúnlẹ̀ wéré kí wọ́n tó yí ọkàn pa dà."

Tí mo bá sọ pé gbogbo ọ̀sán yẹn ló burú, mo parọ́. Ìgbà míì Bàbá á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sọ bí igbó yẹn ṣe rí nígbà tí wọ́n dé. Lọ́jọ́ kan mo ń bá ajá sọ̀rọ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ mi. Bàbá ní, "Fi ẹnu ẹ sinmi. Ajá ò fi etí gbọ́ràn, imú ló fi ń gbọ́ ọ."

Kérésì dé. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa wọgbó. Bàbá wọ ẹ̀wù ọdẹ, wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n lọ lúgọ sídìí ọ̀pẹ kan lápá ibi tí omi wà. Bọ̀ọ̀dá Láyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwa ń lu agolo bọ̀. Káyọ̀dé ń yọ mí lẹ́nu, ó ní, "Dàpọ̀, sọ fún ajá ẹ pé èkúté ò sí níbí." Mo súfèé.

Ajá mi gbórí sókè, ó gbóòórùn atẹ́gùn, ó sì já. Ó kọjá lára ajá Káyọ̀dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó lọ tààrà sídìí ọ̀pẹ. Igbó koríko kan wà níwájú Bàbá, ó já wọ inú ẹ̀, ọ̀yà kan tó ga tó báyìí sì fò jáde níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Láyí fún un ní kùmọ̀ kan, ó ṣubú. Ariwo sọ. Èmi náà ti gbọ́wọ́ sókè.

Ajá mi ò wo ọ̀yà. Ó ń sáré lọ ní tiẹ̀. Ó fò mọ́ Bàbá, ó gbé àpò wọn hán, ó sì ń fà á. Bàbá ní, "Padàsílé, fi sílẹ̀," ó tún fà á. Okùn àpò já, Bàbá fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, agolo áṣáà ṣí, gbogbo ẹ̀ sì dà sí wọn lójú. Wọ́n sín, wọ́n sín, wọ́n tún sín. Ajá fa awọ ọ̀yà jáde látinú àpò, ó gbé e wá fún mi, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi pé kí n mú orí ẹja wá.

Ẹ wo ẹ̀rín. Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣubú sórí koríko. Wòlíì tó bá wa wá wo eré di ikùn mú. Màámi, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín níwájú Bàbá, rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Bàbá náà rí i.

Bọ̀ọ̀dá Láyí gbé wọn dìde. Wọ́n ní, "Bàbá, ajá Dàpọ̀ ló lé ẹran jáde."

"Ta ló lé? Èmi ló lé. Ṣé ẹran lèmi?"

"Iwájú yín lẹran wà. Tájá ò bá wá, kò ní dìde."

"Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó wá dójú tì mí."

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Inú àpò áṣáà lẹ tọ́jú awọ sí láti ọjọ́ yìí. Ó rò pé bí ọ̀yà ṣe ń rùn nìyẹn."

Bàbá wo awọ tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e símú. Ó yé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò yé wọn, mo wà níbẹ̀. Ojú wọn rí bí ìgbà tí wọ́n rí ògiri opó yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ gbé ẹran, ká lọ."

A délé. Wọ́n tẹ́ ewé. Màámi fi ìdáná sílẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tún gèlè wé. Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ìpín Láyí. Ìpín àwọn àbúrò ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpín àna wa. Ó ku ẹran kan lórí ewé. Màámi ti ń tẹ orúnkún.

Bàbá ní, "Ìpín ajá."

Àṣà ọdẹ ni. Ajá tó bá lé ẹran jáde máa ń jẹ lára ẹ̀, Bàbá kì í sì í rú òfin ọdẹ. Wọ́n ní, "Padàsílé." Ajá mi lọ bá wọn, wọ́n fi ẹran yẹn sí i lẹ́nu. Ṣé ẹ rí nǹkan tí wọ́n ṣe? Wọ́n gbà níwájú gbogbo ayé pé ajá mi ló lé e. Wọ́n san gbèsè ajá, wọ́n ká ewé.

Bọ̀ọ̀dá Láyí ní, "Bàbá, ó ku Àǹtí mi."

"Ó ti tán."

"Ẹ ṣèlérí o. Mo wà níbẹ̀."

"Mo ní ó ti tán, Láyí."

Màámi dìde kúrò lórí orúnkún tí wọ́n ti tẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n gba ewé tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá láti lọ dà á nù. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọbẹ̀ á jinná láìpẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí Bàbá ju kí n dọ̀bálẹ̀ kí n dìde lọ. Ajá náà ò ṣe tèmi mọ́. Ìdí bẹ́ǹṣì wọn ló lọ ń sùn, níbi tí òórùn áṣáà wà, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Nígbà tí àìsàn gbé Bàbá ṣánlẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè fún ìpín ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú ọsàn. Màámi ló ń wẹ̀ wọ́n. Màámi ló ń gbé pó ìtọ̀ wọn. Mo wọlé lọ bá Bàbá lọ́jọ́ kan tí Màámi lọ pọnmi. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò wá ní pe màámi ni?" Wọ́n yíjú sí ògiri. Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ máa pè? Ṣé ẹni tó wà nílé ni wọ́n ń pè?"

Mo sọ fún Màámi. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Màámi rò ó títí, bóyá Bàbá ń sọ pé onílé ni àwọn. Ní tèmi, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ nǹkan dáadáa, ẹnu ẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún yìí.

A sin wọ́n. Kérésì tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá Láyí ní a ò ní jẹ́ kí eré ọdẹ parun. A lọ. Wọ́n ti fi fẹ́ǹsì gba igbó yẹn tán, òkété kan péré la rí. Bọ̀ọ̀dá Láyí tẹ́ ewé, wọ́n mú ọ̀bẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ni, "Ìpín Àǹtí mi. Ìpín Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí Bàbá." Ìyá Bọ́sẹ̀ ń nu ojú.

Màámi wà nídìí iná. Wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò dìde. Mo ní, "Màámi, ẹ gbà á. Ẹ gbà á jàre, tiyín ni." Mo ti ń pariwo. Màámi ro ọbẹ̀, wọ́n dé ìkòkò, kí wọ́n tó gbójú sókè wo àbúrò wọn.

"Láyí, o ṣé. Gbé e fún àwọn ọmọ ẹ. Ohùn tìẹ kọ́ ni mo ń dúró dè."